Abọ́ Omi Lórí Bọ́nẹ́ẹ̀tì: Ìwé Ọjọ́ Alága Ìje Ọkọ̀

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kejì oṣù Kẹta

Èmi, Alága Àgbà Pátápátá fún Ẹgbẹ́ Ìje Ọkọ̀ Tó Bófin Mu, ẹni tí a kì í rí lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, ẹni tó bá wúkọ́ tí gbogbo táyà á mí kanlẹ̀, ni mo gbé kálàmù oníwúrà mi sókè lónìí láti kọ ìtàn ìṣàkóso mi sílẹ̀. Mo jókòó lórí àga ọlọ́lá. Afẹ́fẹ́ tútù ń fẹ́ sí mi láti ojú fèrèsé gbọ̀ngbọ̀nràn. Àwọn ìránṣẹ́ mi dúró lọ́tùn-ún lósì, wọ́n ń retí

Màmá ní kí n wá ṣa àjákù òwú tó wà nílẹ̀ kí oníbàárà tó dé.

Mo ti ṣà á. Àga ọlọ́lá mi ni àpótí tí Màmá ń kó bọ́tìnnì sí. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ máa sọ̀rọ̀ bí ẹni ńlá gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ máa kọ̀wé bí ẹni ńlá, kí ẹnu lè mọ ọ̀nà. Ìdí tí mo fi bẹ̀rẹ̀ ìwé yìí nìyẹn.

Lánàá, bí a ti máa ń ṣe ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ Sátidé, gbogbo wa wà ní ọ̀nà tuntun tí wọn ò tíì ṣí fún ọkọ̀. Mo gun orí òkúta ibi tí mo ti máa ń kéde. Mi ò ní gbohùngbohùn, ẹnu mi ni gbohùngbohùn. Mo ń sọ̀rọ̀ bí ọkùnrin tó ń ròyìn bọ́ọ̀lù lórí rédíò, mo sì ń fi ẹnu ṣe ẹ́ńjìnì ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ọkọ̀ pupa kékeré tí bọ̀ọ̀dá mi fọwọ́ ara rẹ̀ tún ṣe ní ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì ń ké wíìììn bí ọmọ tí wọ́n já oúnjẹ gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọkọ̀ búlúù ti Kòdúró ń lọ gbùùù-gbá, gbùùù-gbá, bí àgbàlagbà tó ń hanrun. Kòdúró ló ń gbé búrẹ́dì kiri fún ilé búrẹ́dì ní ọ̀sán. Tó bá di ìrọ̀lẹ́ Sátidé, ẹ má bá a sọ̀rọ̀ búrẹ́dì o.

Imú ọkọ̀ lásán ló fi na bọ̀ọ̀dá mi. Bọ̀ọ̀dá ní táyà òun ló yọ̀.

"Táyà wo? Àyà ni! Àyà rẹ ló já!" Kòdúró fò gun orí ọkọ̀ rẹ̀. "Tó bá dá ọ lójú, Sátidé tó kẹ́yìn oṣù yìí, a ò ní dúró níbi òkúta mọ́. A máa lọ títí dé orí afárá. Ẹni tó bá kọ́kọ́ tẹ bíréèkì, ojo ni!"

Wọn ò tíì kọ́ afárá ọ̀hún parí. Ó gun orí odò dé ìdajì, ó dá dúró síbẹ̀ bí ẹni tó gbàgbé ohun tó fẹ́ sọ. Kò sí irin lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò sí nǹkan kan níwájú rẹ̀ bí kò ṣe omi.

Bọ̀ọ̀dá mi ní, "Mo gbà."

Gbogbo wọn hó yèè. Ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ mi tí a ń pè ní Fọ́tò ni èmi ń wò. Ọmọ onífọ́tò ni, ẹ̀bá ọ̀nà yẹn náà ló dúró sí nínú oṣù Kejìlá tí ọkọ̀ kan yà bàrá lọ bá a. Igi ìtilẹ̀ ló fi ń rìn di òní.

Tí mo bá sọ fún Màmá, á ta ọkọ̀ pupa. Bọ̀ọ̀dá á sì yá ọkọ̀ ẹlòmíì lọ sórí afárá. Mo mọ ẹni tí mo bá pín ìyá. Nítorí náà, láàárọ̀ yìí ni a bí Alága. Ó ti pé ọmọ ọgọ́ta ọdún kí wọ́n tó wẹ̀ ẹ́.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrin

Ohùn Alága ti pé. Mo mú ohùn inú ikùn onílé wa, mo mú ahọ́n oníròyìn, mo wá fi ìkọ́ dókítà tó ti jẹun yó lé e. Mo dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo fi dán Fọ́tò wò. Ó wá igi rẹ̀ káàkiri kó lè dìde, ó ní "Ẹ káàsán, sà."

Ìgbà tó rí i pé èmi ni, ó fi igi náà lé mi yípo àgbàlá.

Mo wá pe Ọ̀gá Ojú Pópó lórí fóònù, ìyẹn olórí àwọn ọlọ́pàá tó ń mú ọkọ̀. Obìnrin ni, ohùn rẹ̀ gbẹ bí ìgbà tí wọ́n ń ya bébà.

"Ta ni mò ń bá sọ̀rọ̀?"

"Alága Ẹgbẹ́ Ìje Ọkọ̀ Tó Bófin Mu. Hẹ̀n-ẹ̀n-hẹ́n." (Ìkọ́ nìyẹn.)

"Ẹgbẹ́ wo? Mi ò gbọ́ orúkọ yín rí."

"Ohun tó bófin mu kì í pariwo, ọ̀gá mi."

"Kí lẹ wá fẹ́?"

"Pápá ìdánwò awakọ̀ tó wà lẹ́yìn ọ́fíìsì yín. Ẹ ò lò ó mọ́, koríko ló jogún rẹ̀. Ẹ yá wa ní Sátidé. Àwọn ọmọ tó ń sáré pa ara wọn ní ọ̀nà tuntun, ẹ ti lé wọn títí, wọ́n ń padà bí eṣinṣin. Eṣinṣin tí a ò rí lé, ṣebí ibi tó máa bà lé là ń fún un."

"Ẹ̀yin yìí, ẹ ti dàgbà o."

"Ọpẹ́ ni fún ẹlẹ́dàá."

"Ẹ wá rí mi ní Ọjọ́bọ̀."

Ikùn onílé sá kúrò nínú ohùn mi. Ó kù díẹ̀ kí n dún bí ológbò. "Ọ̀nà mi jìn ní Ọjọ́bọ̀. Màá rán akọ̀wé mi."

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹfà

Akọ̀wé lọ. Akọ̀wé wọ bàtà Màmá.

Ọ̀gá ga, ó tín-ín-rín, ó ń yí súìtì láti ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan sí ìkejì. Kọ́kọ́rọ́ rọ̀ sára pátákó lẹ́yìn rẹ̀ bí ẹja lẹ́nu ìwọ̀.

"Ìwọ ni akọ̀wé Alága? Ọmọbìnrin kékeré báyìí? Kíláàsì wo lo wà?"

"Mo ti kúrò, mà. Ìkẹta girama."

"Kí ló dé?"

Mo ní ìwé ò bá mi lára mu. Mi ò sọ pé èmi ni mo fi ohùn ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ sọ̀rọ̀ nínú gbohùngbohùn pé kí gbogbo ọmọ máa lọ sílé, tí gbogbo wọn sì lọ, pẹ̀lú tíṣà mẹ́ta.

Ó ka àṣẹ sí mi létí. Akoto lórí, bẹ́líìtì láyà. Ọkọ̀ kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan, kò sí ọkọ̀ méjì lójú kan. Òǹwòran gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn odi. Agolo apaná, kí nọ́ọ̀sì sì wà nítòsí. Ó já kọ́kọ́rọ́ kan nínú ìwọ̀, kò tíì gbé e fún mi.

"Sọ fún Alága pé kó tó di òpin oṣù yìí, kó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá kí mi. Kọ́kọ́rọ́ ìjọba kì í gbé lọ́wọ́ ohùn."

Mo ní, "Ó máa gbọ́, mà." Ó sì ti gbọ́, ibẹ̀ náà ló wà.

Mo sáré délé bí ẹni tí oyin ń lé. KỌ́KỌ́RỌ́ WÀ LỌ́WỌ́ MI!

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹjọ

Akoto tuntun kan, owó táyà méjì ni wọ́n ń pè é. Ẹgbẹ́ Ìje Ọkọ̀ Tó Bófin Mu ò ní ju bọ́tìnnì lọ. Mo lọ bá àwọn tó ń fi alùpùpù gbé èrò, mo fi ohùn wọn bá wọn sọ̀rọ̀ níkọ̀ọ̀kan, wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi yá wa ní akoto mẹ́rin. Ilé epo yá wa ní agolo apaná. Ẹ̀gbọ́n Fọ́tò obìnrin, nọ́ọ̀sì ni. Ó ní òun á wá, kí òun lè rí wèrè tó ń dá àbúrò òun láàmú. Èmi ni wèrè náà.

A gé koríko títí ọwọ́ wa fi bó. Kọnkéré ilẹ̀ náà yọjú, ìlà funfun tí wọ́n kùn sí i ṣì ń hàn. A to ike ọ̀dà tó ti ṣófo sí i, kí ọkọ̀ máa yí gba àárín wọn.

Èèyàn méjì ló wá. Awakọ̀ takisí kan yí po ike lẹ́ẹ̀kan, ó yán, ó bi mí pé ṣé ó ti parí. Èkejì ṣìnà ni.

Bọ̀ọ̀dá ò yọjú. "Pápá yẹn? Níbi tí wọ́n ti já mi lulẹ̀ nínú ìdánwò lẹ́ẹ̀mejì, tí wọ́n ní mi ò mọ rífáàsì? Kí n padà lọ kí ilẹ̀ ibẹ̀ lè tún rí mi fi ṣẹ̀sín?"

Ìdí tí kò fi ní láísẹ́ǹsì nìyẹn o. Ẹni tó ń sáré bí ìjì, kò mọ bí a ti ń fi ẹ̀yìn ọkọ̀ wọlé.

Ọjọ́ Àìkú, 9

Òjò. Alága ń bínú.

Ìṣẹ́gun, 11

MO TI RÍ I! Mo ti rí i, mo ti rí i!

Màmá ní kí bọ̀ọ̀dá fi ọkọ̀ gbé èmi àti abọ́ sítáàṣì lọ sọ́dọ̀ alágbàfọ̀. Mo gbé abọ́ lé itan, aṣọ oníbàárà wà lábẹ́ rẹ̀. Ká tó dé orígun ilé wa, sítáàṣì ti wà lára mi, ó wà lára aṣọ, ó wà lójú gíláàsì. Màmá rí wa nígbà tí a padà dé. Kò tilẹ̀ wo ọ̀dọ̀ mi.

"Ìwọ tóo ní o mọ ọkọ̀ wà! Ìyá ìyá rẹ ń gbé ìkòkò omi láti odò, ṣé ó ń ta sílẹ̀? Ẹsẹ̀ méjì ni tiẹ̀ o, kò ní táyà mẹ́rin!"

Bọ̀ọ̀dá tẹ orí ba, ó ń fi apá ẹ̀wù nu sítáàṣì lójú gíláàsì. Ẹni tí ọlọ́pàá ò lè pa lẹ́nu mọ́! Mo dúró síbẹ̀ tí sítáàṣì ń ro tótó lára mi, mo bú sẹ́rìn-ín.

Abọ́ omi. Lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Kí wọ́n sáré bí wọ́n ṣe fẹ́, kí omi wà nínú abọ́!

Àbámẹ́ta, 15

Mo fi rọ́bà tí Màmá ń fi sí ìbàdí ṣòkòtò so abọ́ mọ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Fọ́tò ń fi fóònù ká àkókò, ó sì ń fi téépù Màmá wọn omi tó ṣẹ́kù. Omi tó bá dín, a ó fi ṣe ìjìyà kún àkókò rẹ. Tóo bá ta ike kan, ìjìyà. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, wàá fi rífáàsì wọ inú àpótí funfun tí wọ́n kùn sílẹ̀. Owó ìwọlé, owó búrẹ́dì kan. Ọkọ̀ tó bá wù ọ́ ni kóo gbé wá, ìbáà ṣe ti bàbá rẹ.

Awakọ̀ takisí padà wá, ó ní òun gbọ́ pé omi ti wọ̀ ọ́. Ìyàwó onípákó gbé ọkọ̀ akẹ́rù ọkọ rẹ̀ wá. Mo gun orí àgbá, mo ṣí ẹnu:

"Ẹ̀yin ará ilé, ẹ̀yin ará oko, takisí ti gbéra! Ó ń bọ̀, ó ń bọ̀, vùùùm, ó yí ike kìíní, omi ní òun fẹ́ sọ̀ kalẹ̀, ó ní jókòó jẹ́ẹ́! Ìyá arúgbó kan wà ní bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ má ta á lẹ́sẹ̀!"

Ariwo mi fo odi. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í yọ orí lókè odi bí aláǹgbá. Ìyàwó onípákó gba ipò kìíní, ó bọ́ sílẹ̀, ó gbọn ara rẹ̀ yíká ọkọ̀. Ọkọ rẹ̀ ní òun ò mọ̀ pé òun fẹ́ awakọ̀.

Kòdúró wá. Kò wọlé, ẹnu géètì ló dúró sí, ó ń já búrẹ́dì jẹ.

"Ṣé eré ìje lẹ pe èyí ni àbí ẹ̀ ń wẹ ọkọ̀?"

Mo kàn fi ẹnu ṣe ẹ́ńjìnì rẹ̀: gbùùù-gbá, gbùùù-gbá, mo wá fi ìkọ́ sí i, mo jẹ́ kó kú. Gbogbo pápá rẹ́rìn-ín. Búrẹ́dì há a lọ́fun.

Orí mi wú dé àjà! Ohùn mi ti ha, mi ò lè pe Màmá. Ọwọ́ ni mo fi ń bá a sọ̀rọ̀.

Ìṣẹ́gun, 18

Alága pe Ọ̀gá láti jábọ̀. Ohun gbogbo ń lọ geere, ikùn onílé dúró dáadáa, àfi bí alùpùpù kan ṣe kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù Màmá, prrrààà. Láti kékeré, ẹ́ńjìnì kì í kọjá lára mi kí ẹnu mi má dá a lóhùn. Kí n tó mọ̀, Alága ti ní "prrrààà."

Mo fi ọwọ́ bo ẹnu, ó ti pẹ́ jù.

"Alága, kí ni mo gbọ́ yẹn?"

"Hẹ̀n-ẹ̀n-hẹ́n. Ọ̀fìnkìn ni."

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o," ni Ọ̀gá wí. Mo gbọ́ tí súìtì ń kan eyín rẹ̀. "Mò ń retí yín. Sátidé tó kẹ́yìn oṣù, èmi fúnra mi á wá síbẹ̀."

Sátidé tó kẹ́yìn oṣù! Ọjọ́ afárá gan-an!

Sátidé, 22

Ọ̀rọ̀ ti bẹ́yìn yọ. Mi ò ní kọ̀wé bí Alága lónìí.

Kòdúró wọlé pẹ̀lú ọkọ̀ búlúù. Ó san owó ìwọlé, ó dé akoto, ó ní kí wọ́n fi omi kún abọ́ òun dé ẹnu. Inú mi dùn ju ti ẹni tí wọ́n fún ní ọkọ̀ lọ. Mo ní tó bá ti lè tọ́ ọ wò lẹ́ẹ̀kan, ó parí, á gbàgbé afárá.

Ó fò jáde. Gbogbo abọ́ omi náà dìde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó lu gíláàsì rẹ̀ pààà. Kò rí iwájú mọ́. Ó ta ike kìíní, ó ta ìkejì, ó gbé ìkẹta sábẹ́ ọkọ̀, ó ń wọ́ ọ lọ káká-káká-káká. Ẹnu mi ò sì dúró. Ó yẹ kí n dúró. "Kòdúró ti dé! Ó wẹ̀, ó fọ eyín, ó tún ń gbé garawa relé!" Àwọn èèyàn ń yí sílẹ̀. Bọ̀ọ̀dá mi, tó ti yọ́ wọlé dúró lẹ́yìn, rẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀ tó fi di ògiri mú.

Kòdúró gbọ́ ẹ̀rín yẹn. Ó bọ́ sílẹ̀, omi ń ro lára rẹ̀, ó tọ bọ̀ọ̀dá lọ tààrà.

"Rẹ́rìn-ín dáadáa. Sátidé tó ń bọ̀, agogo mẹ́rin, lórí afárá. Mo ti ní lọ́kàn tẹ́lẹ̀ pé màá tẹ bíréèkì. Mi ò tẹ̀ ẹ́ mọ́."

Bọ̀ọ̀dá ní, "Èmi náà ò tẹ̀ ẹ́."

Ẹnu mi ló fà á. Mo fẹ́ pa iná, epo ni mo dà sí i.

Ọjọ́rú, 26

Bọ̀ọ̀dá ti yọ àga ẹ̀yìn ọkọ̀ pupa kó lè fúyẹ́. Àga náà wà ní ọ̀ọ̀dẹ̀ wa báyìí. Màmá jókòó lé e, ó ń rán ìdí ṣòkòtò, ó ní ó tuni lára. Kò mọ ohun tó jókòó lé.

Mo mú fóònù, mo ṣe ohùn Ọ̀gá Ojú Pópó, mo pe Kòdúró: "A ti gbọ́ nípa afárá. Tóo bá débẹ̀, àtìmọ́lé ni."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ọmọ aránṣọ. Ohùn rẹ dùn o. Ṣe ti onílé yín kí n gbọ́."

Mi ò tíì rí ibi tí ohùn ẹlòmíì ti já mi kulẹ̀ rí. Mo jókòó síbẹ̀, mi ò mọ ẹni tí màá dà. Ìgbà tó yá, mo fi ohùn tèmi sọ̀rọ̀. Ó rí tín-ín-rín, mi ò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n.

"Bọ̀ọ̀dá Kòdúró, ẹ má bínú sí ẹ̀rín yẹn. Ṣùgbọ́n pápá ni màá wà ní Sátidé. Gbogbo àwọn tó ń wòran, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń bọ̀. Tẹ́ ẹ bá ṣẹ́gun lórí afárá, ta ló máa pe orúkọ yín? Tẹ́ ẹ bá sì jìn sódò, ta ló máa sọ bó ṣe rí? Èmi ò ní sọ ọ́. Mi ò ní fi ẹnu ṣe ẹ́ńjìnì yín mọ́ láéláé."

Mo tẹ̀ síwájú.

"Ọkọ̀ búlúù yín ò mọ omi gbé. Ṣùgbọ́n ẹ ń gbé búrẹ́dì gbígbóná yí gbogbo ìlú po láràárọ̀, kò sí èyí tó ń fọ́. Kí ló dé tẹ́ ẹ fi ń fi èyí tẹ́ ẹ mọ̀ pamọ́?"

Ó pa fóònù. Mo lọ sọ ohun tó jọ ọ́ fún bọ̀ọ̀dá. Ó ní kí n jáde ní yàrá òun.

Ẹtì, 28

Mi ò lè jẹun. Màmá fi ọwọ́ kàn mí lọ́rùn, ó ní ara mi ò gbóná, kí ló wá pa ẹnu mi mọ́? Ilé dákẹ́ jù, ó ní ẹ̀rù ń ba òun.

Sátidé, 29

Ẹ má wo bí mo ṣe ń kọ̀wé lónìí, mò ń kánjú sọ ọ́.

Pápá kún dé géètì. Ọkọ̀ mọ́kànlá! Ọ̀gá Ojú Pópó wọlé láìwọ aṣọ iṣẹ́, ó gbé àga sábẹ́ òjìji, súìtì wà lẹ́nu. "Alága dà?" Mo ní ó wà lọ́nà, mà. Màmá náà dé, ó ń wá téépù rẹ̀ tó sọnù láti ọjọ́ wo. Ó rí i lọ́wọ́ Fọ́tò. Kí ó tó pariwo, Fọ́tò ti fún un ní àga.

Bọ̀ọ̀dá ti fi ilé sílẹ̀ láti ọ̀sán. Agogo mẹ́rin lù. Mò ń kéde, mi ò mọ ohun tí mò ń sọ. Mo pe takisí ní akẹ́rù. Agogo mẹ́rin kọjá. Mo dákẹ́ láàárín ọ̀rọ̀, gbogbo pápá wò mí, wọ́n rò pé ẹnu ti gbó.

Mò ń gbọ́ nǹkan.

Wíìììn.

Ó jìnnà, ṣùgbọ́n mo mọ̀ ọ́n bí mo ṣe mọ ìkọ́ Màmá. Ṣé ó ń lọ ni àbí ó ń bọ̀? Mo di etí kan. Ó ń ga sí i. Ó ń bọ̀! Nǹkan kan sì wà lẹ́yìn rẹ̀ tó ń lọ tùkù-tùkù-tùkù jẹ́jẹ́. Kì í ṣe gbùùù-gbá. Ẹ gbà mí, ọkọ̀ búrẹ́dì ni!

Mo pariwo tó bẹ́ẹ̀ tí ẹyẹ fi fò lórí odi.

Kòdúró sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ìyẹ̀fun nírun. "A dé afárá," ló wí, kò wo ojú mi. "Kò sí ẹnì kan níbẹ̀. Ewúrẹ́ méjì ló wà níbẹ̀."

Bọ̀ọ̀dá ní, "Mo bi í pé ta ló máa sọ fáyé pé mo ṣẹ́gun. Ó ní kí n bi ewúrẹ́."

"Ewúrẹ́ náà tilẹ̀ kọjú sí ibòmíì," Kòdúró ní. "Mo ní kí ẹ̀gbọ́n rẹ dúró dè mí kí n lọ gbé ọkọ̀ iṣẹ́. Ó dúró. Ìwọ ọmọ aránṣọ, gun àgbá rẹ, kóo pe orúkọ mi dáadáa."

Bọ̀ọ̀dá ló kọ́kọ́ gbéra. Wíìììn! Ó yí ike kìíní, ó rọra, ó yí ìkejì, omi ń mì, omi ń mì, kò ta! Ó dé ibi àpótí funfun, ibi tí wọ́n ti já a lulẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Mo rẹ ohùn sílẹ̀: "Ẹ̀yin ará, ó ń fi ẹ̀yìn bọ̀ bí ẹni tó ń yọ́ kúrò níbi tí ọmọ gbé ń sùn…" Ó wọlé gbọ́nran, táyà kan ò tẹ ìlà. Màmá fò lórí àga. "Ọmọ mi ni! Ọmọ mi tí wọ́n ní kò mọ rífáàsì!"

Ó wá kan ọkọ̀ búrẹ́dì. Pẹpẹ ẹ̀yìn rẹ̀ ṣì kún fún búrẹ́dì. Ó fẹ̀, ó wúwo, ó sì ń yí po àwọn ike bí ìyá ìyàwó tó ń jó wọlé, kò yára, kò dúró. Mo ń bá a lọ, tùkù-tùkù-tùkù, gbogbo pápá gbà á lẹ́nu mi, èèyàn tó pọ̀ tó báyìí ń ṣe ẹ́ńjìnì kan ṣoṣo! Ó wọ inú àpótí. Fọ́tò ki téépù bọ abọ́. Ó yọ ọ́, ó wò ó, ó tún tì í bọ abọ́.

"Omi ò dín!"

Kòdúró ló gba ipò kìíní. Bọ̀ọ̀dá mi ló kọ́kọ́ gbé e sókè. Màmá ra búrẹ́dì mẹ́ta láti inú ọkọ̀ náà, ó ní òun fẹ́ rí i bóyá wọ́n rún. Wọn ò rún.

Ọ̀gá Ojú Pópó wá dìde. Gbogbo èèyàn rántí pé ọlọ́pàá ni, ariwo rọlẹ̀.

"Mo wá pàdé Alága," ló wí. "Mo sì ti pàdé rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, alùpùpù kan kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ Alága lórí fóònù, ẹnu Alága sì dá a lóhùn. Láti ọ̀sán yìí ni mo ti jókòó níbí, mo ń gbọ́ ẹnu yẹn kan náà." Ó na ọwọ́. Mo bọ́ kọ́kọ́rọ́ lọ́rùn, mo fi lé e lọ́wọ́. Òwú Màmá ni mo fi so ó. "Mo sọ pé kọ́kọ́rọ́ ìjọba kì í gbé lọ́wọ́ ohùn. Ta ni kí n wá gbé e fún?"

Ikùn onílé ti dé ọ̀nà ọ̀fun mi. Mo gbé e mì.

"Èmi ni, mà," ni mo wí, pẹ̀lú ohùn tín-ín-rín yẹn. "Kò sí ẹlòmíì."

Ó yí súìtì lọ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ kejì. Ó so kọ́kọ́rọ́ padà mọ́ mi lọ́rùn, ó ta òwú náà ní kókó lẹ́ẹ̀mejì.

"Ẹ kú iṣẹ́, Alága."

Àìkú, 30

Bọ̀ọ̀dá ti dá àga ẹ̀yìn padà sínú ọkọ̀. Ó ń lọ ṣe ìdánwò láísẹ́ǹsì ní Ìṣẹ́gun. Màmá ń ké pé kí ni òun máa wá jókòó lé báyìí.

Mo ti ka ìwé yìí láti ìbẹ̀rẹ̀. Kò sí kálàmù oníwúrà. Kò sí ìránṣẹ́ lọ́tùn-ún, kò sí lósì. Ọmọbìnrin ọdún mẹ́tàdínlógún ni mí, àpótí bọ́tìnnì ni mo jókòó lé, wọ́n lé mi kúrò nílé ẹ̀kọ́ nítorí ohùn ọ̀gá. Ẹnu Mọ́tò ni gbogbo wọn ń pè mí ládùúgbò. Ohun kan sì wà tí n kò sọ fún Ọ̀gá, tí n kò sọ fún Kòdúró, tí bọ̀ọ̀dá mi mọ̀ tí kò fi tú mi fó títí di àná: mi ò tíì wa ọkọ̀ rí. Mi ò tilẹ̀ fọwọ́ kan gíà rí.

Bọ̀ọ̀dá ti lọ sọ fún wọn láàárọ̀ yìí. Kòdúró wá sílé wa, ó ń rẹ́rìn-ín, ó gbé abọ́ omi kan dání, ó kún dé ẹnu. Ó ní Sátidé tó ń bọ̀, èmi ni màá kọ́kọ́ gbéra.